Omi Tí Ó Tòrò, Ṣé Ó Mọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà sọ ní ìgbà òjò

  

Ìwé tí ẹ kọ́ níbí, a kò fẹ́ kí ó parí síbí. A fẹ́ kí ó bá yín délé, kí ó dé ìdí àmù omi. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ omi lálẹ́ òní.

Àwọn àgbà ní, omi là bù wẹ̀, omi là bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi lè bá ènìyàn ṣọ̀tá, bí ènìyàn kò bá mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ìgò méjì tí ó wà lórí tábìlì yìí. Inú kànga kan náà ni a ti pọn omi inú wọn. Ọ̀kan rú bí omi ìṣanwọ́. Èkejì tòrò, tí ẹ fi lè rí ìka ọwọ́ wa láti òdì kejì. Èwo ni ẹ óò mu níbẹ̀? Ẹ ṣeun, a ti gbọ́ ohùn yín. Gbogbo yín ní èyí tí ó tòrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa náà ìbá ti wí nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí fún yín.

Ní ọdún 2009, àwa ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé. Kànga kan ṣoṣo ni ilé-ìwé náà ní. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a wọ inú rẹ̀, omi a sì pọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn òbí ń kùn. A bá lọ sí ọjà, a ra álọ́ọ̀mù, a gún un, a dà á sínú tẹ́ńkì tí àwọn ọmọ ti ń bu omi mu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti tòrò bí dígí. Inú wa dùn púpọ̀. A pe àwọn òbí wá wò ó. A bu ife kan, a mu ún lójú wọn. A ní kí àwọn ọmọ máa mu ún.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́ gbuuru. Ọmọ 11 ni kò lè wá sí ilé-ìwé. Inú ń run àwa náà. Ọmọdébìnrin kan wà nínú wọn tí a gbé lọ sí ọsibítù lóru, tí wọ́n fa omi sí i lára. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ náà yè. A jókòó ti ìyá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò bá wa jà. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Ọ̀gá tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ ní ó mọ́." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létí wa títí di òní.

Nọ́ọ̀sì kan ni ó là wá lóye. Ó bi wá bí ṣáláńgá bá wà nítòsí kànga. A ní ó wà, ó sì wà lókè, kànga sì wà nísàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ lé ẹrẹ̀ lọ, sà, ẹ fi àrùn sílẹ̀."

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì jà ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, ní àdúgbò kan tí ẹ̀rọ omi wà ní òpópó Broad Street. Ó ju 600 ènìyàn tí ó kú níbẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn omi ẹ̀rọ náà. Opó kan tilẹ̀ wà tí ó ti kó kúrò ní àdúgbò náà lọ sí ọ̀nà jíjìn, síbẹ̀ ó ń ránni lọ bu omi náà wá fún un, nítorí ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó mu ún, onígbáméjì sì pa á. Dókítà John Snow ni ó wádìí ilé tí òkú ti jáde, tí ó rí i pé ìdí ẹ̀rọ yìí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà lè fa omi níbẹ̀ mọ́. Ojú kò lè rí ohun tí ó wà nínú omi yẹn. Ẹnu kò sì lè tọ́ ọ wò.

Kí ló dé nígbà náà tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu láti mú omi tòrò? Ìdí wà. Ohun tí ó ń mú omi rú ni amọ̀ wẹ́wẹ́ àti ìdọ̀tí tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè rì. Kòkòrò àrùn a máa fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì da oògùn sí omi tí ó rú, ìdọ̀tí ni yóò jẹ oògùn náà tán, kòkòrò yóò sì yè. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni: kí a kọ́kọ́ mú omi tòrò, lẹ́yìn náà kí a pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín tí ó ń tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì lè jẹ́rìí wa. Bí omi adágún bá rú, ẹ̀rọ ni yóò fa á gba inú iyanrìn kọjá kí ìdọ̀tí lè há síbẹ̀. Ìgbà mìíràn, yóò fi álọ́ọ̀mù sí i. Ṣùgbọ́n kò ní dúró níbẹ̀, yóò fi oògùn kìlórínì sí i pẹ̀lú. Ó tún sọ fún wa pé bí òun kò bá rí ìsàlẹ̀ adágún, òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀, nítorí bí ọmọ bá rì, ojú kò ní tó o. Bí a bá ń ṣe èyí fún omi tí a fi ń ṣeré, mélòó mélòó ni omi tí a ń mu!

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é nílé.

Èkínní, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó nípọn sẹ́ omi. Ẹ má fojú kéré aṣọ. Ó wà lára ohun tí a fi lé sòbìà lọ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí sòbìà kẹ́yìn mú ní Nàìjíríà, ọdún 2008 ni. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń gbé sòbìà tóbi ju ojú aṣọ lọ. Ti onígbáméjì kéré púpọ̀, yóò gba ojú aṣọ kọjá.

Èkejì, ẹ fi álọ́ọ̀mù lílọ̀ díẹ̀ sí korobá omi kan tí ó gba lítà 20. Ìwọ̀n tí orí ìka méjì lè ṣà ti tó. Bí ó bá pọ̀ jù, omi yóò kan lẹ́nu. Ẹ rò ó kíákíá fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá máa rò ó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ bò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Álọ́ọ̀mù yóò mú kí amọ̀ wẹ́wẹ́ so mọ́ ara wọn, wọn yóò wúwo, wọn yóò rọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ rọra da omi òkè sínú ohun èlò mìíràn tí ó mọ́. Ẹ má ru ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù.

Ẹ̀kẹrin, ibi tí àwa ti kùnà nìyí, ẹ pa kòkòrò inú rẹ̀. Bí igi tàbí epo bá wà, ẹ gbé omi kaná. Kí ó hó yaya fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sí, ẹ ra oògùn omi mímu. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà: ìwọ̀n oògùn, ìwọ̀n omi, àti ìṣẹ́jú tí ẹ óò dúró kí ẹ tó mu ún. Oògùn ìfọṣọ olóòórùn dídùn kì í ṣe oògùn omi mímu. Lára ìgò ni ẹ óò ti mọ ìyàtọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ bo omi náà. Ẹ fi ife tí ó ní ọwọ́ bù ú. Kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ wo ìgò méjì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. A tún bi yín: èwo ni ẹ óò mu? Ẹ ṣeun. Kò sí ọ̀kan. Èyí tí ó tòrò yẹn, a kò tíì sè é.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ wọ̀nyẹn ṣẹlẹ̀, àwa mọ ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé ni wá. Ṣùgbọ́n ojú ni a fi wo omi, a kò wádìí. Ẹ̀yin ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ má ṣe bí àwa ti ṣe.

Ìbéèrè tí ẹ óò dáhùn sínú ìwé yín:

1. Kí ni álọ́ọ̀mù lè ṣe sí omi? Kí ni kò lè ṣe?
2. Báwo ni ṣáláńgá ilé yín ti jìnnà sí kànga tó?
3. Ẹ wá ìgò oògùn omi mímu kan. Ẹ kọ ìwọ̀n tí ẹ rí lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á fún ẹnìkan nílé tí kò tíì mọ̀wé.