Fóònù Lè Ran Màmá Tó Ń Gbàgbé Lọ́wọ́, Bí Ẹnì Kan Bá Wà Nítòsí

 

Bí àgbà bá ń gbàgbé orúkọ ọmọ, a máa ń ní, "Màmá ti ń ṣarán," ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn míì a tiẹ̀ ní àjẹ́ ni. Àìsàn ọpọlọ ni o. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà Ìdíkàn wò, tí wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí lọ́dọọdún n'Íbàdàn kò tó ìdajì ti Amẹ́ríkà. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ó wà.

Ẹ wá wo Ofosu tiwa. Títì márosẹ̀ Ore sí Benin ló gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Màmá tó jáde lọ wá oko kòkó tí wọ́n ti tà tipẹ́, ṣé tírélà máa mọ̀ pé kò mọ̀nà mọ́ ni? Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn live location orí WhatsApp. Wákàtí mẹ́jọ ló ń lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tún un tàn. Ti Google Maps lè máa ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi pa á. Ṣùgbọ́n fóònù tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò lè wá màmá rí! Ẹ rán àpò sára aṣọ wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ sórí páálí sínú rẹ̀, nítorí dátà lè tán.

Álááàmù oògùn ńkọ́? Ó lè dún kí màmá má mọ ohun tó ń dún fún. Fóònù ọmọ-ọmọ tó ń bá wọn gbé ni kí ẹ ṣe é sí. Ẹni tó ń tọ́jú wọn náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iSupport lorúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, fóònù ńlá tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ dáa, ta ló máa ṣáàjì rẹ̀? Ẹ fún ẹni yẹn lówó dátà. Àwa ọ̀dọ́ á bá yín tò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi màmá nígbà tọ́rọ̀ ṣì ń yé wọn. Ẹ má sì fi location wọn sí group ìlú o, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ti tó.