Ta Ní Ń Bọ́ Koríko Omi?

Bí a bá dárúkọ iyùn létí Yorùbá, ọrùn ọba àti ìjòyè ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ. Ṣùgbọ́n kí iyùn tó di ìlẹ̀kẹ̀, egungun ẹ̀dá ẹlẹ́mìí kan tí ń gbé inú òkun ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà nínú òkun ilẹ̀ olóoru, tí egungun wọn ń di òkìtì òkúta tí ẹja ń fi ṣe ilé. Irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sìn nínú àpótí onígíláàsì nínú ilé wọn. Wọn a po nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ òkun mọ́ lítà omi kọ̀ọ̀kan, wọn a sì tan iná tó mọ́lẹ̀ gidigidi lé e lórí.

Kì í pẹ́ tí ọ̀tá kan fi ń yọjú. Koríko omi ni ọ̀tá náà. Ó lè hù bí irun lára òkúta, ó sì lè bo gíláàsì títí ẹja kò fi ní hàn mọ́. Bí ó bá gun orí iyùn, yóò dínà ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn, iyùn tó ti ń dàgbà bọ̀ láti ọdún pípẹ́ yóò sì kú.

Ohun ìyanu ni pé iyùn fúnra rẹ̀ kò lè ṣe aláìní koríko omi. Irú kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ń gbé inú ẹran ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń ṣe oúnjẹ, iyùn a sì jẹ nínú rẹ̀. Iná kan náà ni ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá jọ ń lò. Ẹni tó bá pa á kí ọ̀tá lè kú pátápátá yóò pa ọ̀rẹ́ mọ́ ọn.

Ohun tó kù tí a lè ṣọ́ ni oúnjẹ. Náítréètì àti fọ́sféètì ni koríko omi ń jẹ, bí àgbàdo ti ń jẹ ajílẹ̀. Ara oúnjẹ tí a dà fún ẹja ni wọ́n ti ń wá, àti ara ìgbẹ́ ẹja. Nígbà mìíràn, wọ́n ti wà nínú omi ẹ̀rọ tí a bù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń ra oògùn tí ń pa koríko. Koríko a kú, a jẹrà, ohun tó ti jẹ a sì padà sínú omi. Láìpẹ́ òmíràn a tún hù. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a fi ọwọ́ fa koríko náà jáde láàyè, kí ohun tó ti jẹ bá a lọ. Lẹ́yìn náà, kí oúnjẹ ẹja má ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí omi tí a ó fi pààrọ̀ ti àtijọ́ jẹ́ èyí tí a fi ẹ̀rọ sẹ́ dáadáa. Ìgbín òkun ń jẹ koríko lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú omi kan náà ni ó ń yàgbẹ́ sí, olùrànlọ́wọ́ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Walter Adey ti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Smithsonian ní Washington tilẹ̀ sọ ọ̀tá di ìránṣẹ́. Ó jẹ́ kí koríko hù lórí àwọ̀n lọ́tọ̀, lábẹ́ iná tirẹ̀, ó sì ń kórè rẹ̀ lóòrèkóòrè kí omi lè mọ́. Ní 1982 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí.

Síbẹ̀, àṣejù baba àṣetẹ́ ni. Ẹni tó bá fọ omi títí kò fi sí oúnjẹ kankan mọ́ yóò rí i tí ebi ń pa iyùn, tí irú koríko mìíràn tó ń fà bí ikun sì lè gba ipò. Kí a máa wọn omi náà, kí a má kàn máa fojú bù ú.

Níbo wá ni a ó da koríko tí a fà sí? Ní 1984, wọ́n rí koríko Caulerpa taxifolia, irú tí wọ́n ń gbìn sínú àpótí ẹja, nínú òkun níwájú ilé àkójọ ohun inú òkun ní Monaco. Ibi tó bò kò ju nǹkan bíi mítà kan níbùú lóòró. Lẹ́yìn náà ó dé etíkun Faransé, Ítálì, Sípéènì àti Croatia. Nígbà tí wọ́n rí i nínú ọ̀sà kan ní Kalifóníà ní 2000, wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n da kílórínì sábẹ́ rẹ̀. Ó di 2006 kí wọ́n tó kéde pé ó ti tán. Nítorí náà, kí a sá koríko náà gbẹ pátápátá, kí a dà á sí ààtàn. Kò gbọdọ̀ dé gọ́tà, kò gbọdọ̀ dé òkun.

Ọwọ́ tí ń fún ẹja lóúnjẹ ni ó ń bọ́ koríko omi. Ọwọ́ náà ni kí a kọ́kọ́ ṣọ́.