Kí Ni A Fẹ́ Fi Sórí Fóònù Tuntun?

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìfira-Àkókó

 

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra èyí tí a ń fọwọ́ tẹ̀ lójú gíláàsì. Ohun tí mo ń rí ni pé bí ẹnìkan bá rà á ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, áàpù ogún ti wà lórí rẹ̀. Ọmọ àdúgbò fi díẹ̀ sí i, ọ̀rẹ́ fi òmíràn ránṣẹ́ láti orí WhatsApp, ẹni tí ó ni fóònù kò sì mọ iṣẹ́ tí ìdajì wọn ń ṣe. Bí a bá ra ọkọ̀, ṣé gbogbo ohun tí àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ bá nà sí wa ni a máa ń so mọ́ ọn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́. Awakọ̀ kan láàárín wa nílò owó táyà. Ó gba áàpù ayánilówó kan sórí fóònù rẹ̀, ó béèrè ₦20,000. ₦14,000 ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí ó dá ₦20,000 padà láàárín ọjọ́ méje. Nígbà tí ó fi ọjọ́ méjì pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù alága, ti àna rẹ̀, ti èmi náà, pé olè ni, pé ó ti sá lọ. Wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán rẹ̀ ṣe ìfilọ̀ òkú! Níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà wa? Nínú fóònù rẹ̀ ni. Áàpù náà béèrè pé kí òun wo àwọn nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀, ó sì tẹ Allow.

Ẹ rò ó wò. Àwa kò yáwó, àwa kò tẹ ohunkóhun, síbẹ̀ orúkọ wa ti wà nínú ìwé wọn. Nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó wà nínú fóònù ẹnìkọ̀ọ̀kan wa. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí ó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ti mọ ẹni tí yóò dẹ́rù bà.

Ìjọba kò kúkú dákẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ẹ̀sùn báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tí ń gbèjà oníbàárà lọ yẹ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan wò ní Ìkẹjà. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google kò gbà kí áàpù ayánilówó tí ó wà nínú Play Store máa wo nọ́ńbà tàbí àwòrán ẹni mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni òfin tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni jáde ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Play Store ni òfin Google mọ. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Ìdí nìyí tí fóònù fi ń kìlọ̀ bí a bá fẹ́ fi irú rẹ̀ sí i. Ẹ má tẹ ìkìlọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Láti ọdún 2015, nígbà tí Android kẹfà jáde, ni fóònù ti ń béèrè ìyọ̀ǹda ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú ìgbà náà, gbà á tán tàbí kí o fi í sílẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ pé rárá, ọ̀pọ̀ áàpù yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ẹni tí ó wá lẹ táyà bá béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá yín, ẹ ó fún un? Kí ni áàpù iná tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi orúkọ ìyá yín ṣe? Máàpù nílò láti mọ ibi tí ẹ wà, ìyẹn yé mi. Méjì ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Àkọ́kọ́ ni kíka SMS, nítorí pé ibẹ̀ ni nọ́ńbà àṣírí báǹkì ń gbà wọlé. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Accessibility. Wọ́n ṣe é fún afọ́jú àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kí áàpù lè bá wọn ka ojú fóònù, kí ó sì bá wọn tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, yóò rí PIN, yóò sì fi owó ránṣẹ́.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Apps, ẹ yan orúkọ áàpù, ẹ wo Permissions. Ohun gbogbo tí ẹ yọ̀ǹda wà níbẹ̀, ẹ sì lè gbà á padà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìràwọ̀ márùn-ún tí ẹ rí lábẹ́ áàpù, nítorí pé wọ́n ń rà á. Ti báǹkì, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an nínú gbọ̀ngàn báǹkì. Ẹni tí yóò bá yáwó, kí ó kọ́kọ́ wo orúkọ àwọn tí FCCPC fọwọ́ sí. Bí ẹ bá bi mí, mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa jù: kò ṣe ìfilọ̀ òkú ẹnikẹ́ni rí.

Kí ni èmi yóò fi sí i? Ti báǹkì, WhatsApp, àti máàpù Google. Ẹ gba ti Àkókó àti ọ̀nà Lọ́kọ́ja sílẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà, nítorí pé àárín òkè wọ̀nyí kì í pẹ́ gbé e lọ. Kí n má gbàgbé Gboard, tí a fi lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì. Akọ̀wé ti ń ráhùn lórí lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí ìwé ìròyìn yìí. Èyí tí ẹ kò bá lò fún oṣù kan, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má banú jẹ́. Ọ̀pọ̀ báǹkì ní nọ́ńbà oníràwọ̀ tí a ń tẹ̀ láìsí dátà. Kí gbogbo wa sì tẹ *#06#, kí a kọ nọ́ńbà tí ó bá jáde sínú ìwé nílé, nítorí olè.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, èmi àti akọ̀wé yóò wà ní gáréèjì láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú fóònù yín wá, kí bátìrì rẹ̀ kún. A ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ PIN. Ẹ má sọ ọ́ fún mi o.