Kí A Mọ Kànga Kí A Tó Yan Pọ́ǹpù

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé)

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú yín bèèrè pé kí ló kan òṣìṣẹ́ nínú bí wọ́n ti ń yan pọ́ǹpù oníná tí à ń sọ̀ sínú kànga epo. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Èsì wa ni pé ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi bí ó bá bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí ojú wa rí. A sọ pọ́ǹpù tuntun sínú kànga kan. Epo tó ń jáde kò tó ohun tí wọ́n ń retí rárá, kò sì pẹ́ tí pọ́ǹpù náà fi kú. Nígbà tí rígì fà á jáde, inú rẹ̀ ti jẹ tán. Kúẹ́rì ló kọ́kọ́ jáde: wọ́n ní àwọn mẹ́ta nínú wa ni kò so wáyà dáadáa. Ẹ̀ka wa ní kí wọ́n gbé ìwé ìṣirò pọ́ǹpù náà wá. Ibẹ̀ la ti rí i pé iná 60 Hz, irú ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ṣírò, bẹ́ẹ̀ sì ni iná tiwa jẹ́ 50 Hz. Wọ́n fa kúẹ́rì náà ya. Ká ní a kò mọ ìwé náà kà ńkọ́?

Ní ilẹ̀ wa, kànga púpọ̀ ló ń fi agbára ara wọn tú epo sókè, òmíràn sì wà tí a ń fi gáàsì gbé tirẹ̀. Pọ́ǹpù oníná jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ní sumó nínú kànga ilé rẹ̀ ti mọ ìdajì rẹ̀. Mọ́tò oníná (kì í ṣe ọkọ̀ o) wà nísàlẹ̀, pọ́ǹpù alápele púpọ̀ wà lórí rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí omi kànga wọ inú mọ́tò wà láàárín wọn, wáyà sì bá páìpù gòkè wá. Armais Arutunoff, tí wọ́n bí ní ìlú Tiflis ní 1893, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún kànga epo. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1923, iléeṣẹ́ rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀ ní Bartlesville, ní Oklahoma.

Báwo la ṣe ń yàn án? Ẹ jẹ́ kí a fi kànga kan ṣe àpẹẹrẹ.

Èkíní, kí ni kànga lè fúnni? Ká ní ihò tí epo ń gbà wọlé wà ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000 nísàlẹ̀. Bí a bá ti kànga pa, prẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ jẹ́ 2,000 psi. Nígbà tí a dán an wò, tó ń fúnni ní àgbá 500 lóòjọ́, prẹ́ṣọ̀ bọ́ sí 1,500. Èyí ni pé bí prẹ́ṣọ̀ bá fi psi kan lọ sílẹ̀, àgbá kan la ó rí. Bí a bá ń fẹ́ àgbá 1,000, prẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí 1,000 psi. Ṣùgbọ́n bí prẹ́ṣọ̀ bá lọ sílẹ̀ débi tí gáàsì fi ń yọ kúrò lára epo, ìṣirò yìí kò gún mọ́. Ìlà Vogel, tí a tẹ̀ jáde ní 1968, ni a ó lò.

Èkejì, gáàsì mélòó ni? Bí gáàsì bá pọ̀ nínú pọ́ǹpù, yóò máa yí lásán ni. Nígbà náà a ó fi ohun tí ń ya gáàsì sọ́tọ̀ sí ẹnu pọ́ǹpù.

Ẹ̀kẹta, báwo ni a ó ti gbé e ga tó? Ká ní omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí kànga yìí ń fúnni. Prẹ́ṣọ̀ 1,000 psi yóò gbé omi dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 2,310. Mú un kúrò nínú 6,000, ó ku 3,690. Ibẹ̀ ni ojú omi yóò wà sí orí ilẹ̀, nítorí náà pọ́ǹpù tí a bá gbé sí 5,800 yóò rì dáadáa. Fi nǹkan bí 60 kún un fún ìhà páìpù tí ń fa omi sẹ́yìn. Bí prẹ́ṣọ̀ orí kànga bá jẹ́ 150 psi, fi 346 kún un. Àpapọ̀ jẹ́ 4,096.

Ẹ̀kẹrin, ìpele mélòó? Wo ìlà tí olùṣe pọ́ǹpù yà. Bí ìpele kan bá ń gbé àgbá 1,000 ga ní ẹsẹ̀ bàtà 24, pín 4,096 sí 24: ìpele 171 la ó lò. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ń gba họ́ọ̀sì-páwà 0.3, àpapọ̀ ju 51 díẹ̀ lọ, a ó sì mú mọ́tò tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo àṣìṣe tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìlà náà bá jẹ́ ti 60 Hz, tí iná wa sì jẹ́ 50, omi yóò dín sí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà, gíga yóò sì dín sí ìdá 25 nínú 36. Ẹsẹ̀ bàtà 24 kò ní tó 17 mọ́. Ìpele 171 kò ní gbé e dé 2,900, bẹ́ẹ̀ 4,096 ni à ń wá! Omi tó ń kọjá yóò wá kéré jù, àwọn ìmpẹ́là yóò máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, wọn yóò sì máa jẹ. Ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀? Kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó so wáyà.

Ẹ̀karùn-ún, iná àti ìtútù. Wáyà gígùn ń jẹ iná. Bí mọ́tò bá ń fẹ́ fóòtì 1,000, tí wáyà sì ń jẹ 100, tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ fúnni ní 1,100. Omi kànga tó ń kọjá lára mọ́tò ló sì ń tù ú. Ó yẹ kí ó máa rìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà ni mọ́tò fi ń wà lókè ihò epo, àyàfi tí a bá fi páìpù bò ó kí omi lè gba ara rẹ̀ kọjá.

Ọ̀kan kù tó jẹ́ ti ẹ̀mí. Bí pọ́ǹpù bá dúró, omi inú páìpù lè máa ṣàn padà, kí ó sì máa yí i sẹ́yìn. Ẹ má tún un tàn títí yóò fi dúró pátápátá, kí ọ̀pá inú rẹ̀ má bàa kán. Ẹ má sì fọwọ́ kan ẹnu wáyà ní àkókò náà, nítorí iná lè ti ìsàlẹ̀ wá.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kò pọ̀: kí ẹ̀dà ìwé ìṣirò wà níbi iṣẹ́ kí pọ́ǹpù tó wọlẹ̀, kí a sì rí Hz, ìpele àti jíjìn rẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí ìwé. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ẹni tó mọ ìṣirò iṣẹ́ rẹ̀, kúẹ́rì kì í bá a lójijì.