Láptọ́ọ̀pù Olówó Pọ́ọ́kú: Ohun tí Ó Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín lónìí kan àpò òbí, ó sì kan ẹ̀kọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù, pàápàá jù lọ irú èyí tí owó rẹ̀ kò ga.

Láti ọdún 2015 ni ó ti di dandan pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ yóò ti ṣe ìdánwò JAMB. Bí ọmọ bá sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ tí a tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìyá tí ń ta èlùbọ́ àti bàbá tí ń wa ọkọ̀ ń tu owó jọ láti ra ẹ̀rọ yìí fún ọmọ wọn. Owó tí a fi oṣù púpọ̀ tu jọ kò yẹ kí ó bá ohun tí kò ní wúlò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á gbé láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú lé orí ìwọ̀n ní alẹ́ òní.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Asus gbé Eee PC jáde, ojú ti àkọ́kọ́ kò ju íǹṣì 7 lọ. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ HP gbé Stream 11 jáde ní Amẹ́ríkà ní iye tí kò tó dọ́là 200. RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2, ibi ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 32. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí ó tẹ̀ lé wọn, èyí tí a sábà ń rí ni èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4, tí ibi ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ 64 tàbí 128, tí ọpọlọ rẹ̀ sì jẹ́ Intel Celeron, bí irú èyí tí à ń pè ní N4020.

Kí ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí túmọ̀ sí? Ẹ jẹ́ kí á wọ ìsọ̀ aránṣọ lọ. Ọpọlọ ẹ̀rọ dà bí aránṣọ fúnra rẹ̀. RAM dà bí tábìlì tí ó ń tẹ́ aṣọ lé lórí láti gé e. Ibi ìpamọ́ dà bí àpótí tí ó ń kó aṣọ sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí tábìlì bá kéré, bí aránṣọ náà tilẹ̀ yára bí àṣá, yóò máa ká ọ̀kan kúrò nílẹ̀ kí ó tó lè tẹ́ òmíràn. Bí àpótí bá sì kún, kò sí ibi tí yóò kó aṣọ oníbàárà tuntun sí. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun rere rẹ̀, nítorí ó ní ohun rere púpọ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n ṣe ọpọlọ N4020 kí ó máa jẹ iná tó wáàtì 6. Gílóòbù àtijọ́ tí ń gbóná ń jẹ wáàtì 60. Lóòótọ́, ojú ẹ̀rọ náà ń jẹ iná tirẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Níbi tí iná kì í ti í dúró pẹ́, ẹ̀rọ tí kò jẹ iná púpọ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Iná oòrùn kékeré lè bọ́ ọ, bátìrì rẹ̀ sì lè gbé e fún wákàtí púpọ̀.

Èkejì, púpọ̀ nínú wọn kò ní fáànù, nítorí náà wọn kì í fa eruku ọyẹ́ wọ inú. Ibi ìpamọ́ wọn kò sì ní àwo tí ń yí bí ti àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Bí ọkọ̀ bá ń bọ́ sí kòtò tí ó ń jáde, ẹ̀rù àwo tí yóò họ kò sí. Wọ́n tún fúyẹ́: Stream 11 kò tó kílò kan àbọ̀.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Ó lè tẹ lẹ́tà àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó lè ṣí ìwé, ó lè ṣírò owó ọjà ìyá, ó lè gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù. Ọmọ tí ó ń múra sílẹ̀ fún JAMB lè fi í ṣe ìdánrawò títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ bọ́tìnnì. Ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè fi Python bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ láìsí ìyọnu. Fún irú iṣẹ́ báyìí, ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ olówó ńlá ti fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé agbọ̀n ata.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wo apá kejì ìwọ̀n.

Ohun tí Microsoft, tí ó ni Windows 11, kọ sílẹ̀ ni pé RAM ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dín ní gígábáìtì 4, ibi ìpamọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 64. Ẹ fi etí sí i dáadáa: èyí tí ó kéré jù lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ó ní 4 àti 64 ti bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí ọmọ tó tẹ ọ̀rọ̀ kan, Windows ti tẹ́ aṣọ tirẹ̀ gba apá tí ó pọ̀ lórí tábìlì náà, ó sì ti gba bí ìdá mẹ́ta àpótí náà. Bí ọmọ bá ṣí ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, tí ó tún ń wo olùkọ́ rẹ̀ lórí Zoom, ẹ̀rọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀rọ gígábáìtì 32 jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa: nígbà tí àtúnṣe ńlá Windows 10 ń dé, púpọ̀ nínú wọn kò ní ààyè tí wọn yóò fi gbà á, àfi bí ẹni tí ó ni ín bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ yíya ilé nílò AutoCAD, RAM tí AutoCAD ìsinsìnyí sì ń béèrè kò dín ní gígábáìtì 8. Ẹni tí ń gé fídíò pọ̀ kò gbọdọ̀ tan ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí òbí fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí. Nínú púpọ̀ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, wọ́n ti fi òjé lẹ RAM àti ibi ìpamọ́ mọ́ pátákó inú. A kò lè yọ ọ́, a kò lè fi kún un. Bí bàtà ọmọ bá fún un lẹ́sẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, a ó ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ yìí. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ òní nìkan ni kí ẹ béèrè. Ẹ béèrè iṣẹ́ ọdún mẹ́rin tí ọmọ yóò lò ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Tòkunbọ̀ ńkọ́?” Ìbéèrè rere ni. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti lò, bí irú ThinkPad T480 tí ó jáde ní ọdún 2018. Ó ní ihò RAM méjì, nítorí náà a lè fi kún un bí owó bá dé. Bátìrì rẹ̀ kan sì ṣe é yọ láti ẹ̀yìn. Agbára rẹ̀ ju ti Celeron tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ó wúwo jù, ó ń jẹ iná jù, bátìrì rẹ̀ sì lè ti gbó. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ orí: ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún gbogbo olùlò Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì fàyè gba púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ó ṣáájú ọdún 2018.

Kí ẹ tó sanwó, tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ má ṣe fi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ṣe ẹ̀rí. Ẹ ní kí ọlọ́jà tàn án. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ System, kí ẹ tẹ About. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ RAM tí ó ní. Ẹ béèrè bóyá a lè fi kún un. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ wo bí bátìrì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí tuntun bá wà ní ipò tí à ń pè ní S mode, àwọn ètò tí ó ti inú Microsoft Store wá nìkan ni yóò gbà. A lè mú un kúrò ní ipò náà láìsanwó, ṣùgbọ́n a kò lè dá a padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Fún ọmọ tí yóò kàwé, tí yóò tẹ̀wé, tí yóò ṣe ìdánrawò, láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tó, kí ó má ṣe tijú rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Fún ẹni tí yóò ya ilé tàbí tí yóò gé fídíò, kò tó, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀ tó. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ kí ẹ tó lọ sí ọjà, kí ẹ bi í ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn tí ń tu owó jọ nítorí yín: ohun tí ẹ nílò ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ohun tí ẹ rí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.