Tíì Darjeeling: Àkọ́já àti Èkejì

Tíì Darjeeling la fẹ́ tọ́ wò lónìí, èyí tí wọ́n ń gbìn sí ẹsẹ̀ òkè Himalaya, ní ìpínlẹ̀ West Bengal, lórílẹ̀-èdè Íńdíà.

Bí ẹ bá lè rí i, ẹ ra oríṣi méjì láti oko kan náà: èyí tí wọ́n já ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, ìyẹn àkọ́já, àti ti oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, ìyẹn èkejì. Gíráàmù 2 nínú ife kọ̀ọ̀kan, omi gbígbóná mìlílítà 100, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ má fi mílíìkì tàbí ṣúgà sí i o. Wọn á bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ewé àkọ́já: ó ṣì ní àwọ̀ ewé lára, torí wọ́n ti sá a dáadáa kí wọ́n tó lọ́ ọ, kò sì ráyè dúdú tán. Omi rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń ta sánsán bí òdòdó, àmọ́ ó máa ń mú ahọ́n gbẹ. Èkejì pọ́n jù ú lọ, ó sì ń rùn bí èso àjàrà. Kòkòrò wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí! Tó bá ti fa omi ewé mu, igi tíì á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè òórùn láti fi gbèjà ara rẹ̀. Èyí gan-an làwọn oníbàárà ń sanwó gọbọi fún.

Ẹ fi ṣíbí bù ú, kí ẹ fà á mu kó dún ketekete. Kì í ṣe ìwà àìmọ̀wàáhù. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń fi títọ́ tíì wò ṣiṣẹ́ ṣe ń ṣe é, kí òórùn lè gba ọ̀nà ọ̀fun dé imú. Bí àkọ́já bá korò jù, ẹ jẹ́ kí omi rọlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó po òmíràn.