Ibi Tí Iyọ̀ Bá Pọ̀ Sí Ni Omi Ń Lọ

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun, ẹ kú oríire. Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún yín. N kò mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Iṣu ọjọ́sí ni mo fẹ́ padà sí.

Ẹ kò ní gbàgbé. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà ni. A bẹ iṣu tútù, a gbẹ́ ihò sí i láàárín, a bu omi iyọ̀ sínú ihò náà, a sì gbé e jókòó sínú abọ́ omi lásán. A ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀, àmọ́ a kọ́kọ́ bọ òun ná. Nígbà tí a padà dé, omi inú ihò iṣu tútù ti ga, ti inú abọ́ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Iṣu bíbọ̀ wà bó ṣe wà. Ọ̀kan nínú yín béèrè pé ta ló ti omi yẹn wọlé. Kò sẹ́ni tó tì í. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká máa ń jẹ́ kí omi kọjá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí iyọ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́. Nítorí náà, ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ sí ni omi ń forí lé. Ohun tí à ń pè ní ọsimósíìsì nìyẹn. Ti iṣu bíbọ̀, iná ti ba awọ náà jẹ́.

Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ mọ̀ ọ́n lọ́nà tiwọn. Wọ́n á wọ́n omi sí tẹ̀tẹ̀ tó ti rọ, kò ní pẹ́ tí ewé á tún le. Omi ti wọnú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì wú, ògiri tó yí i ká sì dá a dúró kó má bàa bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní ògiri. Ẹ fojú ara yín rí i nígbà tí a kán ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù mẹ́ta. Nínú omi lásán, sẹ́ẹ̀lì pupa wú, wọ́n bẹ́, omi náà sì mọ́ gaara bíi sobo. Nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n hunjọ. Èyí tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 9 nínú lítà kan ni kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Òun náà ni omi iyọ̀ tí à ń fà sí aláìsàn lára, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fa omi lásán sínú iṣan ènìyàn láéláé.

Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Onígbáméjì a máa mú kí iyọ̀ tú jáde sínú ìfun, omi ara a sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá bá iyọ̀ rìn ní ìwọ̀n tó tọ́, ìfun á gba àwọn méjèèjì wọlé, omi á tún tẹ̀ lé wọn padà. Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, dókítà ará Íńdíà kan, Dilip Mahalanabis, wà láàárín àwọn ogúnléńdé ní Bangaon. Omi tí wọ́n ń fà síni lára fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà glukóòsì mọ́ omi, ó sì ní kí àwọn ẹbí máa bu ú fún aláìsàn wọn mu. Ikú tó ń pa bí 30 nínú 100 wá sílẹ̀, kò tó 4 mọ́. N kò tíì rí ìwòsàn tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Nígbà tí mo ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, wọ́n gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ kan padà wá bá mi. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn, ó ń sunkún, omijé kò jáde. Ìyá rẹ̀ ti da ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tó yẹ kó pò mọ́ omi lítà kan sínú omi ọ̀rá kan ṣoṣo. Iyọ̀ wá pọ̀ jù, ó ń fa omi ara ọmọ sínú ìfun. Èmi ni mo fún un ní ìyẹ̀fun náà lánàá ọjọ́ yẹn. N kò sọ iye omi fún un. A fa omi sí ọmọ náà lára, ó yè, ṣùgbọ́n ojú ìyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, níbikíbi tí wọ́n bá rán yín lọ, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìyẹ̀fun kí ẹ tó fúnni. Bó bá jẹ́ ti lítà kan, omi ọ̀rá méjì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 cl. Bí kò bá sí ìyẹ̀fun, kí wọ́n wá lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a rẹ́ lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́. Ẹ gbé ṣíbí fún ìyá ọmọ, kó pò ó lójú yín kó tó máa lọ.